Iye Owó Òkú Ọkọ̀

Ní apá àríwá ìlú Kúmásì, ní orílẹ̀-èdè Gáànà, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Suame Magazine. Bí àlejò bá dé ibẹ̀, ariwo òòlù ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, lẹ́yìn náà ni òórùn epo dúdú àti ti irin tí iná ń jó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń jẹun níbẹ̀: àwọn fítà tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn tí ń na bọ́dì ọkọ̀ tí ó ti rún, àwọn ajórin, àwọn tí ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, àwọn tí ń rán aṣọ àga ọkọ̀, àti àwọn tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa tú ọkọ̀ tí ó ti kú palẹ̀ kí wọ́n sì máa ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àdúgbò náà ti pẹ́. Ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí láyé ìjọba òyìnbó ni à ń pè ní Magazine. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ irin ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, nígbà tí a sì kó wọn lọ sí Suame, wọ́n gbé orúkọ náà dání gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé òòlù wọn.

Nínú àgbàlá bí irú èyí, àti lẹ́yìn ilé àwọn ọlọ́lá káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni ènìyàn ti lè bá ọkọ̀ kan pàdé tí ó yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó lè jẹ́ Jaguar, ó lè jẹ́ Mercedes-Benz, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ eré sísá tí àwọn ará Ítálì ń ṣe. Ẹni tí ó ti ìlú òyìnbó bọ̀ ni ó gbé e wálé, gbogbo àdúgbò sì tú jáde láti wò ó. Lónìí, táyà rẹ̀ ti rì sínú ilẹ̀, koríko ti hù gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde, alángbá ti fi àga rẹ̀ ṣe ilé, ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá dúró béèrè iye tí a ó tà á, ẹni tí ó ni ín kò ní dárúkọ iye owó irin. Yóò fi ọwọ́ nu eruku kúrò lára àmì tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò ní, "Ṣé ẹ rí orúkọ rẹ̀? Iṣẹ́ díẹ̀ ló kù lára rẹ̀." Iye tí yóò sì pè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ọkọ̀ tí ń rìn.

Kí ni ọkùnrin yìí ń tà? Ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ sí owó tí ó ń béèrè? Ọ̀ràn náà lè dà bí ọ̀ràn ẹ̀rín lójú ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra Jaguar, ìbáà jẹ́ òkú Jaguar. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń ná ọjà. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn gba owó lé lórí nínú ohun tí ó ń tà ni à ń wá, àti ohun tí kò yẹ kí ó gba kọ́bọ̀ lé lórí.

Bí a bá tú iye owó náà palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Suame ti ń tú ọkọ̀, ohun mẹ́ta ni a ó bá nínú rẹ̀. Èkínní ni irin tí ó wà nílẹ̀ lónìí. Èkejì ni orúkọ, èyí tí í ṣe ti àná. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí yóò sọ irin náà di ọkọ̀ padà, èyí tí í ṣe ti ọ̀la. Ó tọ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti irin, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí ó ni irin ni ó ni owó irin. Àwọn ará Suame mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Bí ọkọ̀ bá kú sí wọn lọ́wọ́, wọn kì í jókòó sọ ìtàn bí ó ti sáré tó nígbà kan rí. Wọn a wo ohun tí ó ṣì lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Gíà tí ó bá ṣì dára yóò lọ sínú ọkọ̀ mìíràn. Irin abẹ́ ọkọ̀ tí í máa gbé ẹrù yóò bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, yóò sì di àdá. A óò yọ́ irin fífúyẹ́ tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, a óò sì dà á sínú iyanrìn láti fi ṣe ìkòkò ìdáná tí àwọn Akan ń pè ní dadesen. Ní nǹkan bí ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá dá ní Gáànà, tí ohun gbogbo sì wọ́n, tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò rọrùn láti rà wá láti òkè òkun, ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù máa rìn lójú títì. Ní ọdún 1980, Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Kúmásì ti dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Suame láti fi ẹ̀rọ tí ń gé irin kún ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ti ní. Ní ti irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, òkú ọkọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ohun ìbọ. Iye tí ó bá wúlò dé ni iye rẹ̀.

Ní ti orúkọ, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ kì í sun epo, pé kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó lé e. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ní ọdún 1936 ni ọkọ̀ Bugatti kan tí a ṣe ní 1925 rì sínú adágún omi Maggiore, tí ó wà láàrin Ítálì àti Switzerland. Ìsàlẹ̀ omi ni ó wà títí di 2009 tí a fi fà á jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 a ta á ní gbàǹjo ní Paris, ó sì mú owó tí ó lé ní 260,000 euro wá, bẹ́ẹ̀ ni ìlàjì ara rẹ̀ ti jẹrà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ta Ferrari kan tí a ṣe ní 1954. Iná ti jó o láti ọdún 1960 ó lé díẹ̀, ohun tí ó sì kù nínú rẹ̀ kò ju irin tí ó ti rún bí ìwé lọ. Owó tí a san lé e jẹ́ 1,875,000 dọ́là. Ṣé a lè sọ pé a rẹ́ ẹni tí ó rà á jẹ? Rárá o. Irú ọkọ̀ náà kò pọ̀ láyé. Àwọn olùtajà ṣe àlàyé ìtàn rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n ya àwòrán gbogbo ibi tí ó ti bàjẹ́. Kò sì sí ẹni tí ó sọ pé iṣẹ́ díẹ̀ ló kù lára rẹ̀. Ẹní bá mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún.

Òmíràn wà tí iyì rẹ̀ ga ju èyí lọ. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ní Èkó, a fi Mercedes-Benz dúdú kan pamọ́ tí ọta ìbọn ti dá lu. Inú rẹ̀ ni a pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Bí fítà kan bá lọ dí àwọn ihò wọ̀nyí, tí ó sì kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tuntun, ó ti ba ọkọ̀ náà jẹ́, kò tún un ṣe. Nítorí náà, ìbàjẹ́ pàápàá lè ní iyì, bí ó bá jẹ́ pé ìtàn gbogbo ìlú ni ó wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní orúkọ rere tàbí ìtàn gidi lára ohun tí ó ń tà lè gba owó lé e, bí ó bá sọ ọ́ bí ó ti rí.

Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta òkú ọkọ̀ ń yá aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Wọ́n gbọ́ pé Ferrari tí ó jóná mú ọ̀kẹ́ àìmọye owó wá, wọ́n sì padà sí ẹ̀yìnkùlé wọn láti fi owó kún iye ọkọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n Jaguar tí à ń pè ní E-Type, tí a kọ́kọ́ fi han aráyé ní Geneva ní 1961, lé ní 70,000 kí wọ́n tó ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀. Mercedes-Benz onírú W123, tí àwọn awakọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fẹ́ràn púpọ̀, súnmọ́ 2,700,000 láàrin ọdún 1975 sí 1986. Orúkọ kan lè wà lára ọkọ̀ méjì, kí iyì wọn má sì dọ́gba.

Wàyí o, ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Iṣẹ́ ọ̀la, ta ni ó ni ín? Nígbà tí olùtajà bá sọ pé, "Bí ẹ bá tún un ṣe tán, iye báyìí ni yóò tó," ó ti mú ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré náà, "títún un ṣe tán", bò mọ́lẹ̀. Ìpẹtà abẹ́ ọkọ̀ kò ṣeé rí àfi bí a bá gbé e sókè. Ẹ́ńjìnnì tí omi òjò ti wọ̀ lè ti dì pa. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí ní ọjà. Òkè òkun ni a ó ti rà á, a ó sì san owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè. Ní ti ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro mìíràn tún wà. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Gáànà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wà á lápá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti ṣe ní 1972. Ìdarí ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, gbígbé e lọ sí ọwọ́ òsì kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Gbogbo ìwọ̀nyí ni olùtajà pè ní iṣẹ́ díẹ̀.

Bí àgbẹ̀ kan bá ní igbó kìjikìji, tí ó sì fẹ́ tà á ní iye owó ilẹ̀ tí a ti ṣán, tí a ti ro, tí a sì ti kọ ebè sí, gbogbo abúlé ni yóò bi í pé, "Ta ni ó ṣán an? Ta ni ó kọ ebè rẹ̀?" Agbára tí ẹlòmíràn yóò lò lọ́la ni ó fẹ́ gba owó lé lórí lónìí. Bákan náà ni ẹni tí ó ta òkú ọkọ̀ ní iye owó ọkọ̀ alààyè rí. Òógùn tí kò tíì jáde lára ẹnikẹ́ni ni ó tà, òógùn náà kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tí ọ̀ràn yìí ń pa lára jù lọ kò sí níbi tí a ti ná ọjà náà. Fítà ni. Nígbà tí ẹni tí ó rà ọkọ̀ náà bá fà á dé àgbàlá rẹ̀, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá," ni yóò wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí." Bí fítà náà bá jẹ́ àgbà tí kì í bẹ̀rù òtítọ́, ó lè dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, owó tí o fún ẹni tí ó pa ọkọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí o fẹ́ fún ẹni tí yóò jí i dìde lọ." Owó tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti fítà àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ àpò ẹlòmíràn kí wọ́n tó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró sí àgbàlá fítà ní ọdún dé ọdún, tí ó ń gba ààyè lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ń mówó wọlé, títí tí ẹni tí ó rà á yóò fi di olùtajà, tí òun náà yóò sì máa wí pé iṣẹ́ díẹ̀ ló kù.

Ẹ̀bi kan tún wà tí ó ju èyí lọ. Olùtajà yìí gan-an ni ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà kú. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà ní ọlá nítorí pé wíwọ̀ ni ó sọ ọ́ di àkísà. Àwọn ọkọ̀ Bedford onípákó, irú èyí tí Yorùbá ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, ti gbé kòkó, iṣu àti ènìyàn ní ọ̀nà Kúmásì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ara wọn bá ya, iṣẹ́ ni ó ya á. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a kó sínú àpótí tí ikán fi jẹ ẹ́ kì í ṣe àkísà àgbà. Ọkọ̀ tí a kò gùn, tí a kò bò, tí a kò tà nígbà tí ó ṣì wúlò, tí a kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn mú nǹkan lára rẹ̀ nígbà tí nǹkan wọ́n, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó gbó. Ọkọ̀ tí a fi ṣòfò ni. Kí ènìyàn wá gba owó lé ìfiṣòfò tirẹ̀, kí ó sì pè é ní ọjọ́ orí, ìwà tí kò tọ́ ni.

Àwọn kan yóò tako ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní ohun tí ènìyàn bá ní, iye tí ó bá wù ú ni yóò tà á. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó máa lọ. Wọ́n á ní a kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó rà á gbà láti rà á. Ṣùgbọ́n ṣé gbígbà nìkan tó láti sọ iye owó di èyí tí ó tọ́? Ìlú Kúmásì kan náà lè dáhùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Gáànà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìlọrin àti ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní ọjà Kúmásì láti ìran dé ìran. Ọ̀pọ̀ wọn ta ọjà àti ohun ìní wọn ní iye tí ẹni tí ó fẹ́ rà bá sọ. Àwọn náà gbà. Kò sí ẹni tí ó di ọwọ́ wọn mú kí wọ́n tó gba owó náà. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ ìtàn náà kí ó sì wí pé iye owó náà tọ́ nítorí pé wọ́n gbà. Bí ìpọ́njú bá lè mú ènìyàn gba owó tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ, ìfẹ́ ojú náà lè mú un san èyí tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó fi ìpọ́njú ọmọnìkejì ṣòwò àti ẹni tí ó fi ìfẹ́ ojú rẹ̀ ṣòwò, ọ̀nà wọn kò jìnnà síra.

Èyí kò wẹ ẹni tí ó rà á mọ́. Ẹni tí ń wá ìfà ń wá òfò. Ọ̀pọ̀ wọn kò ra ọkọ̀. Ojú tí aráyé yóò fi wò wọ́n nínú rẹ̀ ni wọ́n rà. Igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí kò mú fítà dání lọ wo ọkọ̀, tí kò wo abẹ́ rẹ̀, tí kò bèèrè ìwé rẹ̀, ti bá olùtajà tan ara rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ìfẹ́ wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ó parun. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ dára fún ìlú, ìdí nìyí tí ẹni tí ń yan án jẹ fi jẹ̀bi púpọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kò ṣàjèjì sí ọjà àlòkù. Yorùbá ń pe ọkọ̀ àlòkù ní tòkunbọ̀, ohun tí ó ti òkè òkun bọ̀; àwọn Akan ń pe aṣọ àlòkù ní obroni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú. Orúkọ méjèèjì fi hàn gbangba pé ẹlòmíràn ti lò ó rí, ọjà wọn kò sì tìtorí èyí kùtà. Kí olùtajà gba owó irin gẹ́gẹ́ bí irin ti rí lónìí. Kí ó gba owó orúkọ, bí orúkọ náà bá jẹ́ òtítọ́, tí ó sì lè fi ìwé tì í lẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ owó ọ̀la, kí ó ṣe iṣẹ́ ọ̀la: kí ó pe fítà, kí ó san owó rẹ̀, kí ó sì ta ọkọ̀ tí ń rìn.

Yorùbá ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ó ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a fi èké tà kò ní rìn jáde kúrò ní ọjà. Fífà ni a ó fà á, ẹni tí yóò sì bá a ṣe làálàá ni ọmọ iṣẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní Suame, tí ìpẹtà ń já bọ́ sí lójú, tí kò sì mọ iye tí a san.